Stephen Keshi: Ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò gbàgbé ilé rẹ̀

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 2016, ó yẹ kí Stephen Keshi wọ ọkọ̀ òfurufú láti Nàìjíríà padà sí Amẹ́ríkà, níbi tí òun àti ẹbí rẹ̀ fi ṣe ilé. Kò rin ìrìn àjò náà. Ní ìlú Benin, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró lójijì, ó sì dágbére fáyé. Ẹni ọdún 54 ni. Oṣù mẹ́fà péré ni ó fi pẹ́ láyé ju Kate, aya rẹ̀, lọ.

Nígbà tí ẹbí kéde ikú náà, kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì sọ pé ọmọ àwọn ti lọ bá aya tí ó bá gbé fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti kú ni ó ti wà nínú ọ̀fọ̀, àti pé ó ti rí ìsinmi báyìí. Big Boss ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ Kate àti bàbá ọmọ mẹ́rin ni àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ Illah tí ó dàgbà sí Èkó

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní ọdún 1962 ni wọ́n bí Stephen Okechukwu Chinedu Keshi ní Azare, ìlú kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí. Illah, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì ti St Paul's, lẹ́yìn náà ó wọ St Finbarr's College ní Akoka.

Denis Slattery, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó dá St Finbarr's sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ní ilé ìwé yẹn, ìwé kíkà, bọ́ọ̀lù gbígbá àti ìwà ọmọlúàbí jọ ń rìn pọ̀ ni. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ̀sìn tí wọ́n fi tọ́ Keshi àti ìbáwí tí ó kọ́ ní Akoka ni ó gbé lọ sí gbogbo pápá tí ó tẹ̀.

Ẹni tí ó la ọ̀nà

Láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ACB ní Èkó ni ó ti lọ sí New Nigerian Bank ní Benin. Kò tíì pé ogún ọdún tí ó ti wọ ikọ̀ àgbà Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ni ó ń gbá, ohùn rẹ̀ sì ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé.

Ní ọdún 1985, àjọ tí ó ń rí sí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà dá òun àti àwọn kan dúró nítorí pé wọn kò tètè dé ibùdó ìgbaradì. Ìyà náà ìbá ti fi òpin sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Keshi kó ẹrù rẹ̀, ó gba Abidjan lọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Lokeren ní Belgium ní ọdún 1986. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Anderlecht gbà á. Ibẹ̀ ni ó ti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Belgium lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì gba ife líìgì ní ọdún 1991.

Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù kò pọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Rashidi Yekini pàápàá gba Abidjan kọjá kí ó tó di gbajúmọ̀ ní Portugal. Lónìí, ọmọdé tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀, ní Lomé tàbí ní Krofrom ní ìlú Kumasi mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lè gbé òun dé òkè òkun. Keshi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Gẹ́gẹ́ bí balógun ikọ̀, ó rí ìbànújẹ́ kí ó tó rí ayọ̀. Cameroon gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ nínú àṣekágbá ọdún 1984 àti ti 1988. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, ní Tunis, Nàìjíríà fi góólù méjì sí ẹyọ kan borí Zambia, Keshi sì gbé ife náà sókè.

Iṣẹ́ ní Togo

Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọdún 2004, Togo, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò tíì dé ìdíje Ife Àgbáyé rí, fi ikọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, wọ́n fi góólù mẹ́ta sí méjì borí Congo ní Brazzaville. Wọ́n ta Senegal yọ, wọ́n sì gba ìwé lílọ sí Jámánì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin iṣu kọ́ ni ó jẹ ẹ́. Nígbà tí Togo kò rí ọ̀nà já nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, wọ́n yọ Keshi, wọ́n sì gba Otto Pfister, ọmọ Jámánì, láti kó ikọ̀ náà lọ sí Ife Àgbáyé. Síbẹ̀, nígbà tí Togo tún pè é lẹ́yìn náà, ó jẹ́ ìpè náà. Ó tún ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Mali.

Ayọ̀ níta, ìrora nílé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Nàìjíríà fi Super Eagles lé e lọ́wọ́. Ó yan àwọn ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́ àwọn ti òkè òkun, lára wọn Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars ní Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú u fún un.

Láàárín àkókò náà gan-an ni àìsàn jẹjẹrẹ ń bá Kate fínra. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni obìnrin náà fi jà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí àwọn ènìyàn ń rí tí ó ń pariwo létí pápá, ọkọ tí ọkàn rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì ni: ìdajì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ó ń kọ́, ìdajì wà lọ́dọ̀ aya tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2013 ni àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Johannesburg. Sunday Mba, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, jẹ góólù kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi borí Burkina Faso. Keshi di ẹnì kejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì, tí yóò gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọpẹ́ Ọlọ́run wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó rí i pé àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ kò fọkàn tán an. Àwọn alágbára bẹ̀ ẹ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n fún un ní oyè CON, síbẹ̀ ó tún ṣiṣẹ́ oṣù púpọ̀ láìrí owó oṣù gbà. Ní Brazil ní ọdún 2014, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò kó ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà dé ìpele tí ó ku ikọ̀ mẹ́rìndínlógún, kí Faransé tó lé wọn padà sílé. Lẹ́yìn èyí, ó kúrò, ó padà, wọ́n sì yọ ọ́ pátápátá ní oṣù Keje ọdún 2015. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń wá iṣẹ́ lọ sí Côte d'Ivoire. Ó ní irọ́ ni.

Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Kate kú. Ọkùnrin tí kì í mikàn níwájú ìjọba tàbí níwájú èrò kò rí agbára kó ti ìbànújẹ́ yìí sẹ́yìn.

Ìkẹyìn

Kí ọ̀sẹ̀ tí Keshi kú tó parí, Shuaibu Amodu, tí òun náà ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles, kú ní Benin kan náà. Ọ̀fọ̀ méjì ṣẹ orílẹ̀-èdè kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òpin oṣù Keje, wọ́n sin Keshi ní Benin ní ìlànà Ìjọ Kátólíìkì tí ó ti wà láti kékeré. Àwọn tí ó bá a gbá bọ́ọ̀lù wá, àwọn tí ó kọ́ wá, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣe ìdágbére fún òbí kejì láàárín ọdún kan.

Àwọn ife tí ó gbà wà nínú ìwé ìtàn, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa wọ́n rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ gbọ́dọ̀ rántí pé ní ọdún tí orílẹ̀-èdè jó tí wọ́n sì yọ̀ nítorí rẹ̀, àìsàn wà nínú ilé rẹ̀. Ó gbé ẹrù méjèèjì láìsọ ọ̀kankan kalẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ó ń bá a gbé ẹrù ilé lọ, kò pẹ́ tí òun náà fi tẹ̀ lé e.