Nana Asma'u ọmọ Ṣéhù: Olùkọ́ tí ó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó yan ọ̀nà ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí wa, ìtàn ẹni àná tí a mú wá fún yín ní ọdún yìí, ìtàn obìnrin ni. A fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá a lọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ tí ó gbé wàláà lọ́wọ́, ó kan àfáà tí ó mú pàṣán dání, ó sì kan ìyá tí ó jókòó sílé tí ó ti gbà pé kéwú ti kọjá agbára òun.

A mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Yorùbá bá ti gbọ́ orúkọ Ṣéhù Usman dan Fodio àti àwọn ọmọ rẹ̀, ogun àti ẹṣin ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ni a ń sọ lónìí.

Ní ọdún 1793 ni wọ́n bí Nana Asma'u ní Degel, ní ilẹ̀ Gobir, ní apá ibi tí Ìpínlẹ̀ Ṣókótó wà báyìí. Ìbejì ni, ọkùnrin sì ni èkejì rẹ̀. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwa náà tí a jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìbejì ń jẹ́ Hassan àti Husaina, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń retí. Ṣéhù sọ ọkùnrin ní Hassan lóòótọ́, ṣùgbọ́n Asma'u ni ó sọ obìnrin, ó sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó jẹ́ orúkọ yìí ṣáájú ni Asma'u ọmọ Abubakar, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì àti bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n sá pamọ́ sínú ihò àpáta ní àkókò híjírà.

Inú ilé tí ìwé kún ni ọmọ yìí dàgbà sí. Ṣéhù kò fara mọ́ ìwà àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, tí ìyàwó àti ọmọbìnrin tiwọn sì ń gbé inú àìmọ̀ sínú ilé kan náà. Ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ilé ara rẹ̀. Asma'u kọ́ Àlùkùránì, ó kọ́ èdè Lárúbáwá, ó gbọ́ èdè Fúlàní tí í ṣe èdè ilé wọn, ó gbọ́ Haúsá, ó sì gbọ́ èdè àwọn Tuareg tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá aṣálẹ̀. Ohun kan tún wà tí a rò pé ó wọ̀ ọ́ lára láti kékeré ju ìwé lọ. Bàbá rẹ̀ kì í fi ohùn kan ṣoṣo kọ́ gbogbo ènìyàn. Tí ó bá ń bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀, ìwé Lárúbáwá ni yóò kọ. Tí ó bá ń bá àwọn darandaran àti àwọn obìnrin abúlé sọ̀rọ̀, ewì ni yóò gbé kalẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1804, nígbà tí Asma'u jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 10, Ṣéhù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe híjírà kúrò ní Degel lọ sí Gudu. Ogun tẹ̀ lé e, títí Alkalawa tí í ṣe olú-ìlú Gobir fi ṣubú ní 1808. Láàrin ọdún wọ̀nyí ni wọ́n fi Asma'u fún Gidado, ọ̀rẹ́ àtàtà Muhammad Bello tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Ṣéhù kú ní 1817, Bello di Kálífà ní Ṣókótó, Gidado sì di Waziri rẹ̀. Báyìí ni Nana Asma'u ṣe di ìyàwó ẹni tí ó sún mọ́ ìjọba jù lọ, tí ó ní ilé ńlá àti ọmọ láti tọ́. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá jókòó jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ láti kọ́. Ogun ti tú ilé ká. Obìnrin kan jẹ́ opó, òmíràn jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ju Haúsá lọ. Púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú bòrí, ìyẹn ètò ìbọ àwọn ànjọ̀nú, láti ilé bàbá wọn wá. Wọn kò mọ álífù, wọn kò mọ bá. Ẹni tí ó bá wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí nínú wọn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, jéró wà nílẹ̀ tí kò tíì gún, kò sì rọrùn fún un láti fi ilé sílẹ̀. Ní ìlú kan náà yìí kan náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n Asma'u lóbìnrin wà tí wọ́n ti ka ìwé dáadáa. Bí ó bá ṣí tírà Lárúbáwá níwájú gbogbo wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò mú nǹkan lọ sílé. Àwọn tí ó kù yóò máa mi orí ni, wọn yóò sì padà sídìí bòrí wọn nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wo etí wọn. Ẹni tí kò lè kà lè gbọ́, ẹni tí ó bá gbọ́ orin dáadáa lẹ́ẹ̀mẹwàá kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Nana Asma'u kó orúkọ gbogbo súrà inú Àlùkùránì, 114, sínú ewì kan tí ó tún jẹ́ àdúà, ó sì ṣe é ní èdè Fúlàní, ní Haúsá àti ní Lárúbáwá. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Obìnrin tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo yóò máa ka orúkọ súrà láti ẹnu bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò wá mú orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa tú u fún un díẹ̀díẹ̀, kí ni ó wà nínú súrà yìí, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Ànábì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ewì náà dà bí okùn tí a fi so erù: ẹni tí ó bá ti di okùn mú, erù kò ní sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ Isa, ọmọ ìkẹyìn Ṣéhù, wà lára àwọn tí ó bá a yí ewì èdè Fúlàní sí Haúsá, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó pọ̀ jù.

Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí. Orúkọ tí Haúsá ń pe orin ni àwa náà mú tí a ń pè ní wákà. Ìyá àgbà tí kò di kálámù mú rí lè fi wákà ka orúkọ àwọn Ànábì fún yín láìṣi ọ̀kan pè, tí ọmọ rẹ̀ tí ó gba ìwé ẹ̀rí yóò sì máa wá a nínú ìwé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Bí abiyamọ kò bá lè wá, ẹ̀kọ́ ni yóò lọ bá a. Èyí ni ó bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn tí ó kóra jọ. Nana Asma'u wo àwọn tí ó lè rìn nínú àwọn obìnrin, ó rí i pé ìsọ̀rí méjì ni wọ́n: àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ bíbí, àti àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń wá sí Ṣókótó láti abúlé wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a máa kọ orin lọ́nà, wọn a sì gbé ọkà, òrí màlúù, oyin tàbí aṣọ dání. Ó ń gbà á, ó sì ń pín in fún aláìní. Wọn yóò bi í léèrè ohun tí ó rú wọn lójú, wọn yóò gba ewì tuntun, wọn yóò sì padà lọ kọ́ àwọn tí kò lè jáde, nínú àgbàlá ilé wọn.

Olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Jaji. Nana Asma'u ń fi akẹtẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní malfa dé e lórí, ó sì ń fi aṣọ pupa wé e yíká bíi láwàní. Ọ̀rọ̀ akẹtẹ̀ yìí dùn mọ́ wa púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gobir, ó wà lára àmì oyè Inna, obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tí ó sì ní ọwọ́ nínú bòrí. Asma'u kò sọ pé kí wọ́n dáná sun akẹtẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan tí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí ti mọ̀ tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ni, ó wá gbé e lé orí olùkọ́. Obìnrin tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Jaji ti mọ̀ láti òkèèrè pé ẹni iyì ni ó ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí pé ìmọ̀ rẹ̀ kéré ni ó ṣe ń kọ ewì tí ó rọrùn. Nígbà tí àfáà kan láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Mauritania lónìí dé Ṣókótó, Lárúbáwá tó jinlẹ̀ ni Nana Asma'u fi kọ ewì kí i káàbọ̀. Ní 1839 ó kọ ìwé kan ní Lárúbáwá lórí bí a ṣe ń fi súrà Àlùkùránì tọrọ ìwòsàn. Ó tún ń mú ewì bàbá rẹ̀, ó ń fi ìlà mẹ́ta mẹ́ta kún méjì méjì tí ó wà níbẹ̀, kí ó di márùn-ún, bí àwọn onímọ̀ ewì Lárúbáwá ti ń ṣe é. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ èyí tí onímọ̀ yóò jókòó tì, tí ó sì kọ èyí tí agúnyán yóò máa kọ lórin. Ìyẹn ṣòro ju bí ẹ ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a mọ ìwé díẹ̀, ńṣe ni a máa ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i pé a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀, ẹ̀yin àfáà wa. Ọmọ kan wà tí ó bá gbọ́ aáyà lẹ́ẹ̀mẹta yóò kà á, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà orí wàláà ń dà rú mọ́ ọn lójú. Òmíràn ń kọ lẹ́tà tí ó mọ́ lóló, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ohùn yóò dákẹ́ mọ́ ọn lọ́fun. Àwọn méjèèjì ni à ń pè ní olódo, tí à ń nà, tí ọ̀kan nínú wọn yóò sì kúrò ní kéwú pátápátá. Àwọn olùkọ́ ìgbà òde òní kan ti fẹ́ fi àmì sí ọmọ lára, pé olójú ni èyí, pé elétí ni tọ̀hún, kí a sì máa gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn kọ́ ọ. Ní 2008, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó tó pé pínpín ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú ẹ̀kọ́ wọlé sí i. Nana Asma'u kò pín ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan náà ni ó gbọ́ orin, tí ó tún un kọ, tí ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó sì rí ìwà Jaji pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan, ilẹ̀kùn púpọ̀.

Ní 1837 Bello kú, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì hàn nínú ewì ìdárò tí Asma'u kọ fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba nìkan ni ó dárò. Ní àkókò yìí ó kọ ewì lórí àwọn obìnrin olùfọkànsìn, láti orí àwọn ìyàwó Ànábì títí dé orí àwọn obìnrin àdúgbò wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ẹni tí ó jọ ọ́ nínú ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Uwar Gari, ìyá gbogbo ìlú.

Ó kú ní 1864, wọ́n sì sin ín sí tòsí bàbá rẹ̀ ní Ṣókótó. Àbúrò rẹ̀ Maryam di ọwọ́ iṣẹ́ náà mú. Ìwé rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lé ní 60, inú ìdílé Waziri ni wọ́n sì ti tọ́jú púpọ̀ nínú wọn. Waziri Junaidu, onímọ̀ ńlá nínú ìdílé náà, fi wọ́n han Jean Boyd, òun àti Beverly Mack sì tẹ̀ wọ́n jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1997. Lára wọn ni ewì ìdárò kan tí ó kọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di arúgbó, fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Hauwa. Hauwa kì í ṣe ọmọ ọba, kò kọ ìwé kankan. Jaji ni, òun ni ó máa ń kó àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ lẹ́yìn wá sọ́dọ̀ Nana Asma'u.