Ian Donald

Ian Donald (27 oṣù Kejìlá ọdún 1910 – 19 oṣù Kẹfà ọdún 1987) jẹ́ oníṣègùn àti ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìgbẹ̀bí ní Yunifásítì Glasgow, ní Skọ́tlándì. Ó wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo inú aboyún. Ọ̀nà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là ni àwọn oníṣègùn ń tọ̀ lónìí tí wọ́n fi ń rí kókó olómi nínú ikùn ọmọ tí a kò tíì bí. Kókó olómi inú ikùn àgbàlagbà ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Donald ní ìlú Liskeard ní agbègbè Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ìdílé tí ó wá láti Skọ́tlándì. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń tẹ dùùrù fún àwùjọ. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Ó ti ń kàwé ní Skọ́tlándì kí ìdílé rẹ̀ tó kó lọ sí Gúúsù Áfríkà. Ní ọdún 1927, àrùn ọ̀fun tí à ń pè ní diphtheria pa ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà sì kú láàárín oṣù díẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Cape Town, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1931, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ilé-Ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti gboyè ní ọdún 1937. Ní ọdún kan náà ni ó fẹ́ Alix Richards, ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n sì bí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Brítéènì. Wọ́n fi oyè MBE dá a lọ́lá nítorí pé ó wọ inú bàálù tí ń jó, tí bọ́ǹbù sì wà nínú rẹ̀, láti fa àwọn ènìyàn jáde. Ẹnu iṣẹ́ ológun yìí ni ó ti mọ̀ nípa rédà àti nípa ẹ̀rọ tí ń fi ìró wá ọkọ̀ abẹ́ omi.

Kókó olómi àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin

Ní ọdún 1954, Donald di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow. Nígbà náà, bí ikùn obìnrin bá wú, ọwọ́ ni oníṣègùn fi ń tẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ kò sì lè fi ìgbà gbogbo sọ bóyá ìju ni, tàbí kókó olómi, tàbí oyún, tàbí àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ X-ray kò fi ìyàtọ̀ ẹran-ara rírọ̀ hàn dáadáa.

Ní oṣù Keje ọdún 1955, Donald kó àwọn ìju àti kókó olómi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ yọ sínú bùùtù ọkọ̀, ó sì gbé wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àbùkù inú irin. Wọ́n gbé e lé àwọn kókó náà, wọ́n sì gbé e lé ègé ẹran màlúù kan láti fi ṣe ìfiwéra. Ìyàtọ̀ hàn kedere: ìró la omi inú kókó olómi kọjá láìpadà, títí ó fi kan ògiri rẹ̀ lódì kejì, ṣùgbọ́n láti inú ìju líle, ìró ń padà wá.

Lẹ́yìn èyí ni Tom Brown, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Kelvin & Hughes, dara pọ̀ mọ́ Donald àti oníṣègùn John MacVicar. Ní àsìkò yìí ni wọ́n yẹ obìnrin kan wò tí àwọn oníṣègùn mìíràn gbà pé jẹjẹrẹ inú ti bá débi tí kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé kókó olómi ńlá ni. Wọ́n yọ ọ́ láti ilé ẹyin rẹ̀, ara obìnrin náà sì yá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1958, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àwòrán ọlẹ̀ wà lára àwọn àwòrán tí wọ́n fi hàn.

Láti ara ìyá sí ara ọmọ

Ní ọdún 1963, Donald ṣàlàyé pé bí àpò ìtọ̀ obìnrin bá kún, ìró a máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ojú fèrèsé, oyún kékeré yóò sì hàn. Òun náà ló ṣe akitiyan tí a fi kọ́ Ilé-Ìwòsàn Queen Mother's ní Glasgow, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964. Bí ẹ̀rọ ti ń dára sí i, ó ṣeé ṣe láti wọn orí ọlẹ̀, lẹ́yìn náà láti wo àwọn ẹ̀yà ara inú rẹ̀.

Lóde òní, ìlànà kan náà ni a fi ń rí kókó olómi nínú ikùn ọlẹ̀: omi inú rẹ̀ máa ń dúdú nínú àwòrán, etí rẹ̀ a sì mọ́ gaara. Ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ní láti kọ́kọ́ dá ikùn-oúnjẹ àti àpò ìtọ̀ ọmọ mọ̀, nítorí pé omi wà nínú àwọn náà. Bí ọlẹ̀ bá jẹ́ obìnrin, kókó náà lè ti ilé ẹyin wá, nítorí ìṣan tí ó ń gbà láti ara ìyá àti láti inú ibi. Oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún ni irú èyí sábà máa ń hàn, púpọ̀ nínú wọn a sì máa súnkì fúnra wọn lẹ́yìn ìbí. Èyí tí ó bá tóbi lè lọ́, kí ó sì dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Àwọn mìíràn a máa ti kíndìnrín, ìfun tàbí ọ̀nà òróòro wá. Nítorí náà, rírí kókó kì í ṣe ìdájọ́. Ìṣọ́ra àti àyẹ̀wò àtúnṣe ni ó ń tẹ̀ lé e.

Àríyànjiyàn

Bí ó ti ṣeé ṣe láti rí àbùkù ọlẹ̀, ìbéèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe dìde. Donald, tí ó jẹ́ onígbàgbọ́, tako òfin ọdún 1967 tí ó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ ní Brítéènì, ó sì ń fi àwòrán ọlẹ̀ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 1972, Stuart Campbell, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ ní Glasgow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé wọ́n fi ẹ̀rọ náà rí ọlẹ̀ tí agbárí rẹ̀ kò dàgbà, wọ́n sì fòpin sí oyún náà. Ẹ̀rọ tí Donald fi ń gbèjà ọlẹ̀ ti di ohun tí àwọn mìíràn fi ń pinnu bóyá a ó bí i.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Àrùn ọkàn bá Donald fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ju ìgbà kan lọ, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1976. Ó gba oyè CBE ní ọdún 1973. Ó kú ní Paglesham, ní agbègbè Essex, ní ẹni ọdún 76, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.