Ìtàn Ìgbésí Ayé Joseph Lister

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1827 ni a bí Joseph Lister ní Upton, nítòsí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò ọtí wáìnì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ nípa ṣíṣe awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lọ́wọ́ bàbá yìí ni Lister ti kọ́ bí a ti í fara balẹ̀ wo nǹkan.

Ó di dókítà ní ọdún 1852. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Edinburgh láti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ James Syme, àgbà oníṣẹ́-abẹ. Ní ọdún 1856, ó fẹ́ Agnes, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí ó ń bá a kọ àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀.

Ìbéèrè kan kò jẹ́ kí Lister sinmi. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú ara, ṣùgbọ́n tí ó ń dì bí ẹ̀kọ bí ó bá dé inú abọ́? Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ló fà á. Àwọn mìíràn ní òtútù ni. Lister da ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ọrùn màlúù kan sínú òmíràn kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, síbẹ̀ kò tètè dì. Nígbà tí ó dà á sínú gíláàsì, kíá ló dì. Ní ọdún 1863, ó ṣàlàyé níwájú ẹgbẹ́ Royal Society pé fífara kan ohun àjèjì ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ní Glasgow, ní ọdún 1865, ó fi oògùn kábólíìkì tọ́jú ọmọ ọdún 11 kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò náà kò kẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì jinná. Èyí ni ó sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ó kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1912.

Ní ọdún 1955, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ìwé nípa ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì nínú gíláàsì. Èròjà kan ni kò sí nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ni a wá ń pè ní fákítọ̀ 12. Bí èròjà yìí bá fara kan gíláàsì, yóò jí, yóò sì jí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì. Nítorí irú èyí ni àwọn dókítà fi sábà ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ń gba inú rọ́bà ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kọjá.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè tí Lister fi sùúrù wá ìdáhùn sí ṣì ń gba ẹ̀mí là títí di òní.