Grace Hopper, ìyá tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ènìyàn

Ọmọ Elegbeka tó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Rufus Giwa Polytechnic l'Ọ̀wọ̀ á ti ṣe é rí: á dáńlóòdù source code sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan, á tẹ àṣẹ kan tàbí méjì, á wá jókòó máa wo bí ìlà ọ̀rọ̀ ṣe ń sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Bí iná ò bá lọ, tí dátà ò sì tán, kò ní pẹ́ tó fi máa parí. Ohun tí ènìyàn kọ á ti di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Compile ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, compiler sì ni sọ́fítíwíà tó ń ṣe é. Ó ti mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lára débi pé wọn kì í béèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Grace Hopper lorúkọ ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1992.

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, ọdún 1906. Ọmọ tó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, ó tú aago kan nínú ilé wọn kó lè mọ ohun tó ń mú un dún. Kò lè tò ó padà, ló bá lọ tú òmíràn, títí ó fi tú aago méje palẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò nà án o. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní kó mú, kó máa fi ìyẹn ṣeré. Ìyá mélòó ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, àbí lónìí pàápàá?

Ó ka ìṣirò àti físíìsì ní Vassar, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ tàwọn obìnrin nígbà náà, ó sì jáde lọ́dún 1928. Ó lọ sí Yunifásítì Yale, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò lọ́dún 1934. Ó padà sí Vassar, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti fẹ́ Vincent Hopper lọ́dún 1930, àmọ́ ìgbéyàwó náà ò tọ́jọ́, wọn ò sì bímọ. Orúkọ ọkọ yìí ló jẹ́ títí tó fi kú.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ayé ẹ̀ padà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, Grace ní òun fẹ́ wọ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù, wọ́n ní ó tín-ín-rín jù, wọ́n tún ní olùkọ́ ìṣirò wúlò fún ìlú níbi tó wà ju ojú ogun lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn títí wọ́n fi gbà á ní oṣù Kejìlá, ọdún 1943. Lọ́dún 1944, wọ́n rán an lọ sí Yunifásítì Harvard, lábẹ́ ọ̀gá kan tó le bí ojú ẹja, Howard Aiken, láti lọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Mark I.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi sápò. Mark I gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Wọ́n máa ń lu ihò sára bébà gígùn ni, ihò yẹn ni ẹ̀rọ ń kà bí àṣẹ. Grace wà lára àwọn mélòó kan tó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láyé, òun ló sì kó ìwé ìlò ẹ̀rọ náà jọ, ìwé tó lé ní ojú ewé 500. Àwọn kan máa ń sọ pé òun ló rí kòkòrò tó há sínú ẹ̀rọ Mark II lọ́dún 1947, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àṣìṣe kọ̀ǹpútà ní bug. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló rí kòkòrò náà, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ bug náà sì ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣáájú ìgbà yẹn. Grace kàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ọ̀hún ni.

Harvard yìí ni ìṣòro tó sọ ọ́ dolókìkí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá ti kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ fi lè ṣe ìṣirò kan, tó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, á kọ ọ́ sínú ìwé nóòtù ẹ̀. Bí ẹlòmíì bá nílò ẹ̀, á yá nóòtù, á da á kọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ènìyàn ò mọ nǹkan í dà kọ láìṣàṣìṣe: ẹni tó rẹ̀ á kọ 4 dípò 7, ẹ̀rọ á sì ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wọn. Yàtọ̀ síyẹn, àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ibi tó ń gbé nínú ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá gbé àwọn àṣẹ kan kúrò níbi tí wọ́n wà lọ sáàárín iṣẹ́ míì, gbogbo nọ́ńbà yẹn ló máa yí padà, bíi pé wọ́n kó àdúgbò kan lódindi lọ sí òpópónà tuntun, tó wá di dandan kí wọ́n tún nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé kọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìròpọ̀ yìí, wọ́n sì ń ṣì í. Grace ṣe àkíyèsí pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nítorí ìṣirò ló jókòó, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń bá a ṣe ìṣirò.

Kó tó rí ojútùú sí i, ojú ẹ̀ rí nǹkan. Harvard ò fún un ní iṣẹ́ tó máa pẹ́. Lọ́dún 1949, ó kó lọ sí ìlú Philadelphia, níléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà UNIVAC. Àwọn tó kọ ìtàn ayé ẹ̀ ò fi pa mọ́ pé ọtí ń dà á láàmú ní àkókò yìí, pé àwọn ọlọ́pàá tiẹ̀ mú un lóru ọjọ́ kan lọ́dún náà nítorí ọtí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò fi í sílẹ̀, iṣẹ́ náà ò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Philadelphia yìí ló ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Láàárín ọdún 1951 sí 1952, ó kó gbogbo àṣẹ tó ti dánwò, tó sì dá a lójú, sórí téèpù kan. Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú lè pè é ní àká, níbi tí àgbẹ̀ ń kó ohun tó ti kórè pa mọ́ sí, tí kò fi ní máa gbin òmíràn ní gbogbo ìgbà tébi bá ń pa á. Ó fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kò ní ju kó to àwọn àmì náà tẹ̀ léra. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ á wá wọ inú àká, á mú èyí tí wọ́n pè, á tún nọ́ńbà wọn tò, á sì so wọ́n pọ̀ di odindi iṣẹ́ kan. A-0 lorúkọ tó sọ ọ́. Nítorí pé ńṣe ló ń ṣa nǹkan jọ láti inú láíbìrì, ó pè é ní compiler. Ká sọ tòótọ́, bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lónìí, A-0 sún mọ́ linker, ìyẹn èyí tó ń so ẹ̀yà sọ́fítíwíà pọ̀, ju compiler lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀nà ti là.

Ó ka ìwé lórí ẹ̀ fáwọn onímọ̀ ní ìlú Pittsburgh ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1952. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà lè ṣe, pé kò lè kọ iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ wà níwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó dà bíi pé ẹ̀rù tún ń ba àwọn míì: tí ẹ̀rọ bá lè ṣe iṣẹ́ àdàkọ yẹn, kí ni wọ́n máa wá máa pe ara wọn?

Lọ́dún 1953, òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe A-2, èyí tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n wá ṣe tẹ̀ lé e ló so ìtàn yìí mọ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tòde òní. Wọ́n fi A-2 ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà UNIVAC pẹ̀lú source code ẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá rí ohun tó lè tún ṣe nínú ẹ̀ dá a padà sí wọn. Ẹni tó ń ta àkàrà kì í sábà sọ bó ṣe lọ ẹ̀wà ẹ̀ fún oníbàárà, ká má tíì wá sọ pé kó ní kí oníbàárà wá bá òun tún un pò. Open source, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìwà yìí, ò tíì jáde nígbà náà. Ọdún 1998 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ìlà inú láíbìrì tí ọmọ wa ń compile l'Ọ̀wọ̀ ló jẹ́ pé àjèjì tó ń gbé lókèèrè ló tún un ṣe, tó sì dá a padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà UNIVAC ṣe lè ṣe lọ́dún 1953.

Grace ò dúró síbẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó ń ṣe ìwé owó oṣù tàbí tó ń ka ọjà inú ilé ìtajà ò fẹ́ràn àmì ìṣirò. Ó ní kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún ní kò ṣeé ṣe. Lòun àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá ṣe àpẹẹrẹ kékeré kan fáwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n wá fi èdè Faransé àti èdè Jámánì rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ó tún ṣiṣẹ́, nítorí àmì lásán ni gbogbo ẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Inú àwọn ọ̀gá ò dùn rárá. Wọ́n ní báwo ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà á ṣe máa gbọ́ Faransé! Ó gba Grace ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó fọkàn balẹ̀, ó sì ní láti ṣèlérí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ èdè Yorùbá. Ẹ̀rọ ì bá gba kà, kọ, dúró àti ròpọ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe gba ti Gẹ̀ẹ́sì.

FLOW-MATIC ni wọ́n sọ èdè náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà àtàwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàdé ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1959, láti ṣe èdè kan tí gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ́, ara FLOW-MATIC ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú COBOL. Ìgbìmọ̀ ló ṣe COBOL, Grace jẹ́ olùdámọ̀ràn wọn. Síbẹ̀, Ìyá Àgbà COBOL làwọn èèyàn ń pè é, ọ̀pọ̀ báńkì lágbàáyé ṣì ń lo èdè náà dòní.

Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní kó lọ sinmi lópin ọdún 1966. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi pè é padà fún oṣù mẹ́fà, nítorí àwọn sọ́fítíwíà ìwé owó oṣù wọn ti dojú rú. Oṣù mẹ́fà yẹn wá di ọ̀pọ̀ ọdún. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń lọ káàkiri láti báwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń pín wáyà tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan fún wọn, ó ní ibi tí iná lè rìn dé láàárín ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Ó so aago kan tó ń yí sẹ́yìn mọ́ ògiri ọ́fíìsì ẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé báwọn ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyí.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 1986 ló fẹ̀yìn tì pátápátá, inú ọkọ̀ ojú omi USS Constitution ní Boston ni wọ́n ti ṣayẹyẹ ẹ̀. Ọmọ ọdún 79 ni, ó ti di Rear Admiral, òun sì ni ọ̀gá ológun tó dàgbà jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kú lójú oorun lọ́jọ́ kìíní ọdún 1992, wọ́n sì sin ín sí ibojì àwọn ológun ní Arlington. Ààrẹ Obama fi oyè tó ga jù fún ọmọ ìlú dá a lọ́lá lọ́dún 2016. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yunifásítì Yale yọ orúkọ John Calhoun, olóṣèlú tó gbèjà níní ẹrú, kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gbé, wọ́n sì fi Grace Hopper rọ́pò ẹ̀.