Jimi Hendrix: Ọmọ tó fi ìgbálẹ̀ ṣe gìtá, tó wá fi ẹ̀rọ kékeré abẹ́ ẹsẹ̀ di ọ̀gá onígìtá

Ní nǹkan bí ọdún 1955, nílùú Seattle tó wà ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ìgbálẹ̀ onígi gígùn kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbá. Gìtá ló fi ìgbálẹ̀ náà ṣe. Yóò gbé e dá àyà, yóò máa fi ìka ta igi rẹ̀ bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó ìgbáyé-gbádùn àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kíyè sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ aláìní, kí wọ́n fi ra gìtá fún un. Wọn kò gbà. Bàbá ọmọ náà pẹ̀lú kò rà á. Ọmọ tí wọ́n kọ gìtá fún yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Jimi Hendrix.

Ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 17 péré ni Lucille, ìyá rẹ̀, nígbà náà; Al, bàbá rẹ̀, sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Johnny Allen ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí bàbá rẹ̀ tó ti ogun dé, tó sì yí i padà sí James Marshall ní ọdún 1946. Ìṣẹ́ bá ìdílé náà fínra. Ní ọdún 1951, tọkọtaya náà kọ ara wọn sílẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1958, Lucille jáde láyé. Ọdún tó ṣáájú ikú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ lọ palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nílé ìyá àgbà kan, ló bá rí gìtá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ukulele láàárín pàǹtírí. Okùn kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Okùn kan yẹn ló fi ń wá orin tó bá gbọ́ lórí rédíò, títí tó fi ní gìtá gidi àkọ́kọ́ ní ọdún 1958. Dọ́là 5 péré ni wọ́n ra gìtá náà.

Gìtá dọ́là 5 yìí kì í lo iná, ariwo ìlù àti fèrè sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Èyí ló mú kí Al ra gìtá oníná kan, Supro Ozark, fún un ní ọdún 1959. Ọlọ́wọ́ òsì ni Hendrix, gìtá ọlọ́wọ́ òsì kò sì wọ́pọ̀, nítorí náà ó máa ń dojú gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún délẹ̀, a sì tún okùn rẹ̀ tò. Eré àkọ́kọ́ tó bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣe kò tíì parí tí wọ́n fi lé e dànù, nítorí àṣejù rẹ̀ lórí ìtàgé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni olè gbé gìtá Supro náà lọ, bàbá rẹ̀ sì ní láti ra òmíràn tí owó rẹ̀ kò ga.

Ní ọdún 1961, wọ́n ká a mọ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé, ó sì di dandan fún un láti yàn láàárín ẹ̀wọ̀n àti iṣẹ́ sójà. Sójà ló yàn, wọ́n sì mú un mọ́ àwọn tí ń fò láti inú bàálù. Ní àgọ́ Fort Campbell ló ti bá Billy Cox, tó ń ta gìtá béèsì, pàdé. Nígbà tí iṣẹ́ ológun parí fún un ní ọdún 1962, òun àti Cox jọ ń ṣeré káàkiri agbègbè Nashville.

Nílùú Nashville yìí kan náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí yóò kan ìgbésí ayé Hendrix lọ́jọ́ iwájú. Níbi tí wọ́n ti ń gba orin Marty Robbins tí wọ́n ń pè ní Don't Worry sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ohùn gìtá béèsì Grady Martin ń gbà kọjá bàjẹ́. Ohùn tó jáde há, ó ń kùn bí ìgbà tí oyin bá wà nínú agolo. Wọn kò pa ohùn náà rẹ́. Orin náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọdún 1961. Glenn Snoddy, tó ń bójú tó ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, wá bá wọn ṣe ẹ̀rọ kékeré tó lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Maestro Fuzz-Tone ni wọ́n pè é nígbà tó dé ọjà ní ọdún 1962. Àbùkù ẹ̀rọ ló di ọjà títà. Lórí gìtá béèsì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígìtá ń pè ní pẹ́dà.

Ọdún mẹ́rin ni Hendrix fi ń ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin ńlá bíi Isley Brothers àti Little Richard. Owó tó ń wọlé kéré, ebi sì máa ń pa á. Ní ọdún 1966, Chas Chandler rí i nílé eré kan ní New York. Chandler fúnra rẹ̀ ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ Animals, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ṣe alágbàtà olórin. Ó mú Hendrix lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún náà. Nígbà tí owó sì fẹ́ tán, Chandler ta àwọn gìtá béèsì tirẹ̀ kí iṣẹ́ ọmọkùnrin náà má baà dúró.

Ènìyàn mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀. Mitch Mitchell ń lu ìlù. Noel Redding, tó wá ṣe ìdánwò gẹ́gẹ́ bí onígìtá, ni wọ́n gbé gìtá béèsì lé lọ́wọ́. Kò sí fèrè, kò sí dùùrù. Gìtá kan ṣoṣo ni yóò dí gbogbo àlàfo tó wà lókè béèsì àti ìlù. Ibí yìí ni pẹ́dà ti wúlò fún Hendrix. Kò rà á láti fi ṣe ọ̀ṣọ́; àìtó èrò lórí ìtàgé ló fi dí.

Fuzz Face ni ó lò jù. Ilé-iṣẹ́ Arbiter ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde ní ọdún 1966. Ó rí roboto bí ojú ènìyàn. Transistor méjì, àwọn ẹ̀yà kéékèèké díẹ̀ àti bátìrì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ohùn gìtá sókè kọjá ààlà títí tí orí ìgbì ohùn náà yóò fi gé. Gígé yìí ló ń mú kí ohùn há, kí ó sì pẹ́ kí ó tó kú. Ẹ̀rọ tó rọrùn báyìí kì í ṣe ohun olówó ńlá, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Germanium ni wọ́n fi ṣe àwọn transistor inú rẹ̀ nígbà náà, èyí tí kò bára dọ́gba, tí ooru sì máa ń yí ìṣe rẹ̀ padà. Fuzz Face méjì lè ti inú páálí kan náà jáde, kí ọ̀kan máa kọrin, kí èkejì máa hó lásán. Nítorí náà, Hendrix kì í gba èyí tó bá kọ́kọ́ bà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá, wọn a dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí etí bá yàn ni yóò gbé dé orí ìtàgé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Bí Hendrix bá fẹ́ kí ohùn náà rọ̀, kì í pa Fuzz Face rẹ̀. Bọ́tìnnì tó wà lára gìtá rẹ̀ ni yóò yí wálẹ̀ díẹ̀, ohùn náà yóò sì mọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tún yí i sókè, iná tún sọ. Pẹ́dà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn Fuzz Face ni wah-wah dé. Èyí dà bí ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohùn yóò mú ṣáṣá. Bí ó bá padà sẹ́yìn, ohùn yóò ki, bí ẹni tó ń ya ẹnu, tó tún ń pa á dé. Ẹ̀kẹta kò sí lọ́jà rárá nígbà ayé rẹ̀. Roger Mayer, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ìró fún ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, Octavia ni wọ́n sì ń pè é. Ó máa ń fi ohùn tó ga kún ohùn tí gìtá bá mú jáde, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń bá àgbàlagbà gbe orin kan náà. Oṣù kejì ọdún 1967 ni Hendrix lò ó nínú orin Purple Haze. Ẹ̀rọ tí ọ̀rẹ́ ṣe fún ọ̀rẹ́ ló sọ orin náà di àwòkọ́ṣe.

Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó dáná sun gìtá rẹ̀ lórí ìtàgé ní Monterey, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, ọdún 1969, ní Woodstock, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ pé jùlọ. Púpọ̀ nínú èrò ti lọ sílé nígbà tó bọ́ síta. Pẹ́dà mẹ́ta ló tò sílẹ̀: wah-wah ló ṣáájú, Fuzz Face tẹ̀ lé e, Uni-Vibe tí wọ́n ṣe ní Japáànù ló kẹ́yìn kí ohùn tó dé inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn Marshall. Uni-Vibe yìí ló ń mú kí ohùn máa yí bìrìbìrì bí omi inú agbada. Ó fi wọ́n ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kan, àwọn ènìyàn gbọ́ bọ́ǹbù, wọ́n gbọ́ igbe, nígbà tí ogun Vietnam ń pa àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà lọ́wọ́.

Billy Cox, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú iṣẹ́ sójà, ló ń ta béèsì fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n jọ ta orin Machine Gun nínú ilé eré Fillmore East ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ọgbọ́n Cox hàn. Bí gìtá ti ń fò lókè, béèsì rẹ̀ dúró gbọingbọin nísàlẹ̀. Fuzz sábà máa ń jẹ ìsàlẹ̀ ohùn béèsì, ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá sì mì, òrùlé rẹ̀ kò lè dúró. Ìdí nìyí tó fi dára kí oníbéèsì tó fẹ́ ra irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀ wá èyí tó ń jẹ́ kí ohùn gidi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1970, Jimi Hendrix kú ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tó lo oògùn oorun ní àlòjù. Ẹni ọdún 27 ni. Kò kọ ìwé ìhágún. Àìsí ńlé ológbò, ilé di ilé èkúté. Títí di ọdún 1995 ni ọ̀rọ̀ ogún náà fi wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, kí bàbá rẹ̀ tó gbà á padà lẹ́yìn ẹjọ́ kóòtù. Al náà kú ní ọdún 2002.

Ohùn náà kò bá a kú. Ní ọdún 1973, ẹgbẹ́ BLO ní Èkó gbé àwo Chapter One jáde, fuzz àti wah-wah sì wà nínú rẹ̀ kedere. Lóde òní, owó gọbọi ni àwọn olùkójọ ń ná sórí Fuzz Face àtijọ́, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ẹ̀yà inú rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré fi ń ṣe irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè wo ẹsẹ̀ Hendrix. Ọ̀kan ni kí ó kọ́kọ́ rà, kí ó sì mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn kó tó ra èkejì. Gìtá tirẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tirẹ̀ ni kí ó fi dán an wò. Bí ó bá jẹ́ ti germanium ayé àtijọ́, bátìrì tirẹ̀ ni kí ó fún un, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtò iná wọn yàtọ̀ sí ti pẹ́dà yòókù, tí wọn kò sì lè jọ lo orísun iná kan.

Gìtá funfun tí Hendrix ta ní Woodstock bọ́ sọ́wọ́ Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Microsoft sílẹ̀. Ó ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin kan ní ọdún 2000, wọ́n sì ṣe àfihàn gìtá náà níbẹ̀ fún aráyé. Ìlú Seattle ni ilé náà wà, níbi tí wọ́n ti kọ̀ láti yọ owó gìtá fún ọmọ onígbálẹ̀.