Marconi: Afẹ́fẹ́ Náà Létí

Bologna, ní Ítálì, ni wọ́n bí Guglielmo Marconi sí ní 1874. Ní 1896, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀: fífi ìròyìn ránṣẹ́ láìlo wáyà. Ní 1901, àmì tó ti Cornwall wá la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Newfoundland.

Marconi fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ tí wọn kò bá tò sórí ìgbì òun kò lè gbọ́ ìròyìn òun. Oṣù Kẹfà 1903 já a nírọ́. Bí Fleming, olùdámọ̀ràn rẹ̀, ṣe ń fi ẹ̀rọ náà han èrò ní Royal Institution ní London, kí ìròyìn Marconi tó dé, èébú ló kọ́kọ́ wọlé. Onídán kan, Nevil Maskelyne, ló fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rán an láti ìtòsí.

Marconi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909, ó sì kú ní Róòmù ní 1937. Wi-Fi ọ̀fẹ́ tí à ń lò kò kúrò nínú ẹ̀kọ́ yẹn: inú afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa wà. Kí ẹ tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ wò ó bóyá https wà níwájú àdírẹ́sì náà. Tó bá kan owó báńkì, ẹ lo dátà yín.