Cecilia Payne: Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó rí ohun tó wà nínú ìràwọ̀, tí ọ̀gá àgbà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀

Ọmọ tó bá ń kọ́ físíìsì lónìí ń kà á nínú ìwé pé gáàsì hydrogen ló pọ̀ jù nínú òòrùn àtàwọn ìràwọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ ọdún 25 ni, Cecilia Payne lorúkọ ẹ̀.

Wendover, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 10, oṣù karùn-ún, ọdún 1900. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, tó wá ku ìyá ẹ̀ nìkan tó ń gbọ́ bùkátà ọmọ mẹ́ta. Lọ́dún 1919, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Newnham ní Cambridge.

Ọdún yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Arthur Eddington dé láti Príncipe, erékùṣù kan tí kò jìnnà sí Nàìjíríà, níbi tó ti lọ wo bí òṣùpá ṣe bo òòrùn lójú, kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ lọ̀rọ̀ tí Einstein sọ pé òòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ohun tó rí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan tí kò lè lọ ló bọ́ sọ́wọ́ Cecilia. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ wọ̀ ọ́ lára.

Ó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, àmọ́ Cambridge ò fún un lóyè, torí wọn kì í fún obìnrin. Ọdún 1948 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe gba Harvard, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ nìyẹn lọ́dún 1923.

Iṣẹ́ tó bá níbẹ̀ rèé. Tí wọ́n bá fi gíláàsì la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, á tẹ́ sílẹ̀ bí òṣùmàrè, àwọn ìlà dúdú tínrín á sì hàn nínú ẹ̀. Irin ni o, hydrogen ni o, kálukú ló ní ìlà tiẹ̀, bí ilà ojú ṣe máa ń fi ìdílé èèyàn hàn láyé àtijọ́. Nítorí pé ìlà irin pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òòrùn, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ohun tó wà nínú ilẹ̀ ayé ló wà nínú òòrùn, bákan náà ló sì ṣe pọ̀ tó.

Cecilia wá lo ìṣirò ọmọ Íńdíà kan, Meghnad Saha, tó fi hàn pé bí ìràwọ̀ bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu ìlà tó máa hàn. Ìlà tó pọ̀ lójú lè má jẹ́ ti ohun tó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀. Nígbà tó ṣírò ẹ̀ tán, hydrogen fi nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù kan ju àwọn irin lọ.

Henry Norris Russell, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Cecilia bá kọ ọ́ sínú ìwé ara ẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iye hydrogen tóun rí kì í ṣòótọ́. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1925, látọ̀dọ̀ Radcliffe, torí Harvard náà kì í fún obìnrin.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Russell gba ọ̀nà mìíràn débi kan náà. Ó dárúkọ Cecilia lóòótọ́, àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kan sáárá sí.

Cecilia ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ Sergei Gaposchkin lọ́dún 1934, wọ́n bímọ mẹ́ta. Owó táṣẹ́rẹ́ ni Harvard ń san fún un fọ́dún pípẹ́, ọdún 1956 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka. Lọ́dún 1976, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un lẹ́bùn tó ga jù lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ Russell yẹn gan-an ló wà lára ẹ̀bùn ọ̀hún.

Ó kú lọ́jọ́ 7, oṣù kejìlá, ọdún 1979. Nígbà tó dàgbà, ara ẹ̀ ló ń dá lẹ́bi pé òun gbà fún ọ̀gá nígbà tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun. Ìmọ̀ràn ẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́ ni pé tí iṣẹ́ wọn bá dá wọn lójú, kí wọ́n dúró tì í.